Ẹ̀rọ amúlétutù méjì, 278 kílò ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilé alájà mẹ́ta, kíréènì ò lè wọlé. Báwo la ṣe fẹ́ gbé e dókè?

Ọmọ Amúlétutù (Àkúrẹ́), alẹ́ ọjọ́ Ajé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi gbogbo. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi ní Alágbàkà tí kò jẹ́ kí n sùn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta ni, ọ́fíìsì ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀rọ amúlétutù méjì, èyí ńlá tó máa ń wà níta, ló máa jókòó sórí dẹ́kìn òkè pátápátá. 278 kg ni wọ́n tẹ̀ sára irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ga ní mítà 1.7, ó gùn ní mítà 1.24, ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 76. Ẹni tó tà á ní 20 HP ni, ó tún ní tọ́ọ̀nù 16 ni. Láti ilẹ̀ dé dẹ́kìn, mítà 12 ni mo wọ̀n.

Kíréènì ò ṣeé lò. Àdúgbò há, gọ́tà wà lápá ọ̀tún, wáyà iná 11 kV sì gba iwájú ilé kọjá, kò jìnnà sí ògiri. Onílé ní kí n wá àwọn ọmọ tó lágbára kí wọ́n fi okùn fà á. Mo ti gbé sípílíìtì gòkè títí ó fi sú mi, ṣùgbọ́n bíi 30 kílò nìyẹn, ẹnì kan á gbé e lé èjìká, á gun àkàbà. Èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Jagun Ìsìkàn

Tọ́ọ̀nù 16 kẹ̀? Àbúrò, tírélà sìmẹ́ǹtì tó kún fún báàgì 600, tọ́ọ̀nù 30 ni. Ó ju ìdajì tírélà lọ, ohun tí o fẹ́ gbé ka orí ilé onílé! Dẹ́kìn yẹn á sọ̀ kalẹ̀ wá kí yín ní ìsàlẹ̀.

Ẹnjiníà Ọ̀nà Ọ̀wọ̀

Ẹ̀gbọ́n Jagun, ẹ rọra. Tọ́ọ̀nù yìnyín ni wọ́n ń wí, kì í ṣe tọ́ọ̀nù ìwúwo. Kí ẹ̀rọ tó dáyé, yìnyín ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń mú nǹkan tutù. Ooru tí tọ́ọ̀nù yìnyín kan máa fà mu kó tó yọ́ tán ní wákàtí 24, ìyẹn ni wọ́n sọ di òṣùwọ̀n: 12,000 BTU ní wákàtí kan, tàbí kW 3.5. Tọ́ọ̀nù 16 á wá jẹ́ bíi kW 56. Agbára ìtutù nìyẹn. Ìwúwo ẹ̀rọ ni 278 kílò tó wà lára irin ẹ̀yìn rẹ̀, kò pé báàgì sìmẹ́ǹtì mẹ́fà.

Nítorí náà, ẹrù yìí kì í ṣe òkè. Èèyàn mẹ́jọ á gbé e nílẹ̀. Ibi tí ẹ máa so ó mọ́ lókè ni ìbéèrè gidi, Ọmọ Amúlétutù kò sì tíì sọ ọ́ fún wa.

Ọ̀gá Sikáfóòdù

Ẹ ń fi nǹkan kékeré ṣe ńlá. Sikáfóòdù méjì, púlì kan lókè, okùn tó nípọn, ọmọ mẹ́wàá nísàlẹ̀, kí ẹnì kan máa lé orin fún wọn. Ó ti dókè. A gbé tánkì omi lítà 5,000 gun ilé alájà mẹ́rin ní Ìjọ̀kà báyìí, kò sí ìwé ìṣirò kankan lọ́wọ́ wa.

Bíríkìlà Òkè-Àró

Ọ̀gá, tánkì òfìfo ni ẹ gbé. Ṣé omi wà nínú rẹ̀ ni?

Màmá Gẹ́sítì Ìjàpò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ tèmi. Mo ní gẹ́sítì kékeré kan. Ẹnì kan bá mi gbé ẹ̀rọ lọ sókè nígbà kan, kò tiẹ̀ tó èyí, 110 kílò péré. Wọ́n gbé páìpù lé párápẹ́ẹ̀tì, ògiri kúkúrú tó yí etí dẹ́kìn ká, wọ́n fi wáyà dì í, wọ́n so púlì mọ́ ọn. Ọmọ mẹ́fà ń fà nísàlẹ̀. Èmi jókòó lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, mò ń ka ẹyin. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí wọ́n ń lọ ata gbígbẹ: ìyẹ̀pẹ̀ ló ń já bọ́ láàárín búlọ́ọ̀kù. Kí n tó gbójú sókè, ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ti ń dọ̀bálẹ̀ síta. Búlọ́ọ̀kù àti ẹ̀rọ jọ balẹ̀ sórí ilé jẹnẹrétọ̀ ni. Ọmọ kan fi ọwọ́ ṣèṣe, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà ní èmi ni kí n san owó ẹ̀rọ, pé párápẹ́ẹ̀tì mi ni kò lágbára. Oṣù mẹ́rin la fi ń fà á. Ọmọ Amúlétutù, kí ẹ tó fọwọ́ kan okùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: bó bá já, ta ló ni ín? Bí ọmọ bá ṣèṣe, ta ló ń san owó ọsibítù?

Bíríkìlà Òkè-Àró

Màmá, ẹ ò jẹ̀bi. Èmi tí mò ń mọ párápẹ́ẹ̀tì ni mò ń sọ̀rọ̀ yìí. Búlọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́fà lásán ni, sìmẹ́ǹtì fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, kò sí irin nínú rẹ̀ àfi tí onílé bá lówó. Ó wà kí èèyàn má baà ré bọ́, kí ojú ilé sì lẹ́wà. Tí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ láti òkè, ó lè fara dà á. Tí wọ́n bá fà á síta, kò sí ohunkóhun tó dì í mú. Ẹni tó bá so púlì mọ́ ọn, ọrùn ara rẹ̀ ló so ó mọ́.

Ẹnjiníà Ọ̀nà Ọ̀wọ̀

Lórí ọ̀rọ̀ owó ọsibítù: òfin Employees' Compensation Act ti 2010 ló wà fún un. Ẹni tó gba èèyàn síṣẹ́ ló ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí i, NSITF ló sì ń tọ́jú ẹni tó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wa tó ń kó ọmọ ojú títì ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan kì í rántí rẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi kán.

Ọ̀gá Sikáfóòdù, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Tí ẹ bá fi púlì kan ṣoṣo sókè, tí àwọn ọmọ dúró nísàlẹ̀ tí wọ́n ń fà, kì í ṣe 278 kílò ló ń fa irin tí púlì so mọ́. Ẹrù ń fà á ní 278, ọwọ́ àwọn ọmọ ń fà á ní 278 míì. Ó ti di 556. Tí irin yẹn bá yọ síta ní mítà kan kọjá ògiri, tí ìrù rẹ̀ tó kù lórí dẹ́kìn jẹ́ mítà mẹ́ta, bíi 185 kílò lẹ ní láti gbé lé ìrù náà kó má baà tàkìtì. Bó bá dúró jẹ́ẹ́ nìyẹn o. Ẹrù tó so rọ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́, èmi á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Báàgì sìmẹ́ǹtì 12, ẹ dì wọ́n mọ́ irin náà dáadáa. Kì í ṣe kí ẹ ní kí ọmọ mẹ́rin lọ jókòó sí i, torí ọmọ tó bá rí nǹkan ìwòran nísàlẹ̀ á dìde.

Ọ̀gá Sikáfóòdù

Hmm. Ìlọ́po méjì yẹn, n kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n a ti ń ṣe é láti ìgbà tí ẹ wà nílé ìwé.

Jagun Ìsìkàn

Mo rí i nínú fídíò pé hẹlikópítà ni wọ́n fi ń gbé e sórí ilé ní Amẹ́ríkà.

Ẹnjiníà Ọ̀nà Ọ̀wọ̀

Òótọ́ ni, ibi tí kíréènì ò bá lè dé. Àmọ́ ní Alágbàkà tí ọ́fíìsì gómìnà wà? Ẹ máa lọ gbàṣẹ, ẹ̀gbọ́n.

Agbégilódò Oǹdó

Ẹ̀gin! Ẹ jẹ́ kí ará Oǹdó náà dá sí i. Iṣẹ́ agbégilódò ni bàbá mi ṣe, èmi náà ṣe é kí n tó dá ṣọ́míìlì sílẹ̀. Kò sí kíréènì nínú igbó. Ìtì igi tí mò ń wí yìí, ẹ̀rọ yín méjèèjì ò tó ìdajì ọ̀kan. Igi gbọọrọ méjì la máa fi ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, a ó wé okùn irin mọ́ ìtì, a ó sì máa yí i gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹni tó bá sáré níbẹ̀, wọ́n á sáré gbé e lọ sílé.

Nǹkan kan tí ẹ kò tíì sọ ni ti ìdádúró. Ọmọ mẹ́wàá tó fọwọ́ lásán di okùn mú, tí agbọ́n bá ta ọ̀kan nínú wọn ńkọ́? Tiwa, bí a bá fẹ́ sọ nǹkan kalẹ̀, a ó wé okùn mọ́ kùkùté ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹnì kan ṣoṣo á di ìdí okùn mú, á máa jọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kùkùté ló ń jìyà, kì í ṣe ọwọ́. Ìyẹn náà ni pé ohun tí okùn wé mọ́ ló ń ṣiṣẹ́.

Àbúrò, mo fẹ́ bi ọ́. Kí ló dé tí gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ ìta ilé? Ṣé kò sí ihò nínú ilé yẹn ni? Ihò àtẹ̀gùn, ihò lífìtì, ibikíbi tí ojú ọ̀run ti ń wo ìsàlẹ̀? Ẹrù tó bá gba inú ilé kọjá ò ní bá wáyà iná pàdé.

Ọmọ Amúlétutù, ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Bàbá! Ihò lífìtì wà! Mo ti rí i nígbà tó pọ̀, kò sì sọ sí mi lọ́kàn. Wọ́n fi àyè lífìtì sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, lífìtì ò dé. Ìgbálẹ̀, kẹ́ẹ̀gì ọ̀dà àti tábìlì tó kán lẹ́sẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì fi páànù bo orí rẹ̀.

Mo sáré lọ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí. Inú ihò náà jẹ́ mítà 1.8 sí 1.7. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní àjà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, ẹ̀rọ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 76 á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Lórí dẹ́kìn, ògiri ihò náà ga ní mítà mẹ́ta sí i, ẹnu ọ̀nà wà lára rẹ̀ tó yọ sórí dẹ́kìn gan-an. Òpó kọnkéré wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bíìmù kọnkéré ló so wọ́n pọ̀ lókè.

Wẹ́dà Ìjọ̀kà

Iṣẹ́ ti tán nìyẹn. I-beam ínǹṣì mẹ́fà kan, irin gbọọrọ tí ẹnu rẹ̀ dà bíi lẹ́tà I, kẹ́ ẹ gbé e dábùú ihò náà lókè, lórí bíìmù kọnkéré o, kì í ṣe lórí búlọ́ọ̀kù. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ sábẹ́ orí méjèèjì. Kí wẹ́dà jó irin kékeré mọ́ ọn ní ìhà méjèèjì kó má baà yọ̀. Ṣéènì bílọ́ọ̀kù tọ́ọ̀nù kan, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fa ṣéènì rẹ̀ kó lè gbé ẹrù gòkè, ti pọ̀ tó.

Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, mítà mẹ́ta ni ṣéènì rẹ̀ lè gbé nǹkan ga. Mítà 12 lẹ fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bóòtù so ṣéènì méjì pọ̀ fún yín. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ tó ti pa èèyàn lójú mi.

Agbégilódò Oǹdó

Èyí tó gùn wà ní ṣọ́míìlì mi. Wá gbé e. Ẹmu ni kí o mú bọ̀, má mú bíà.

Ẹnjiníà Ọ̀nà Ọ̀wọ̀

Ó dùn mọ́ mi. Ìdánwò kọ́kọ́ o: báàgì sìmẹ́ǹtì méje, 350 kílò, ìyẹn jẹ́ ìdámẹ́rin ju ìwúwo ẹ̀rọ lọ. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 15, kí ẹnì kan lọ fojú wo orí irin méjèèjì àti kọnkéré tó jókòó lé.

Ẹ tún ṣọ́ra fún bẹ́líìtì tí ẹ máa fi so ẹ̀rọ mọ́ ìkọ́ ṣéènì. Bẹ́líìtì ẹsẹ̀ méjì tó pàdé lórí ìkọ́ kan, bó bá ga, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á gbé díẹ̀ ju ìdajì lọ. Bó bá tẹ́ débi pé ó ku digírì 30 kó bá ilẹ̀ dọ́gba, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á gbé gbogbo 278, á sì tún fún ìhà ẹ̀rọ pọ̀ débi tí páànù rẹ̀ á fi ká. Abẹ́ ẹsẹ̀ irin rẹ̀ ni kí bẹ́líìtì gbà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìkọ́ kọ́ páìpù gáàsì tàbí ojú fáànù.

Ẹ má sì fi í dùbúlẹ̀ nítorí ẹnu ọ̀nà. Ọ́ìlì inú kọ́mpírẹ́sọ̀ á ṣàn lọ síbi tí kò yẹ.

Ọ̀gá Sikáfóòdù

Mo gbà fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ gba tèmi náà. Ẹ so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ìdí ẹ̀rọ, kí ẹnì kan dì í mú ní ẹnu ọ̀nà àjà kọ̀ọ̀kan, torí pé ẹrù tó so rọ̀ máa ń yí bí ọmọdé tó ń jó, á sì máa ha ògiri. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa pàṣẹ. Bí ẹni méjì bá ń pariwo "fà" àti "dúró" lẹ́ẹ̀kan náà, ìjà ló ń bọ̀. Ẹni tó ń fa ṣéènì á dúró lórí dẹ́kìn, ìdí ihò á ṣófo, àní onílé kò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀.

Màmá Gẹ́sítì Ìjàpò

Pàápàá onílé.

Ọmọ Amúlétutù, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà

Ẹ kú ojú lọ́nà. Àwọn méjèèjì ti wà lókè. Mo ní láti sọ bó ṣe lọ, torí kò lọ bí a ṣe rò.

Mo kọ́kọ́ ṣe ti Màmá: a kọ ọ́ sílẹ̀, onílé fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní ṣé mi ò fọkàn tán òun ni. A gbé I-beam gòkè ní àtẹ̀gùn, ìyẹn nìkan gba ọmọ mẹ́rin. Sìmẹ́ǹtì méje so rọ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kò sí ohun tó mira.

Nílẹ̀, páìpù mẹ́ta la tẹ́ sábẹ́ ẹ̀rọ, a ń yí i wọlé, bí páìpù kan bá jáde lẹ́yìn, ọmọ kan á sáré gbé e wá síwájú. Ó gba ẹnu ọ̀nà kọjá pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà méje ní ìhà kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í fa ṣéènì. Ẹ̀yin èèyàn mi! Kí ẹrù tó ga ní mítà kan, bíi mítà 40 ni ọwọ́ ń fà. Mítà 12 á wá jẹ́ kí lẹ rò? Kò wúwo, ọmọ ọdún 15 lè fà á, àmọ́ kò tán bọ̀rọ̀. Àwa mẹ́ta ń gbà á lọ́wọ́ ara wa. Ohùn rẹ̀ nínú ihò náà, kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́, bí aago ńlá tó ń wọ ihò etí. Ó lé ní wákàtí kan. Gbogbo ìgbà tí mo bá yọjú wo ìsàlẹ̀, orí ẹ̀rọ ni mo ń rí tó ń rọra bọ̀ láti inú òkùnkùn, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ń mì lábẹ́ rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kó dé, ìkọ́ ìsàlẹ̀ kan ara bílọ́ọ̀kù lókè. Kò lè lọ mọ́. Mo wo ìdí ẹ̀rọ, ó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 20 rẹlẹ̀ sí ojú dẹ́kìn. Bẹ́líìtì ló gùn jù! Mo ti wọn gbogbo nǹkan, mi ò wọn bẹ́líìtì. Mítà mẹ́ta tó wà lókè dẹ́kìn, ẹ̀rọ ti jẹ 1.7, ṣéènì bílọ́ọ̀kù jẹ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40, bẹ́líìtì wá jẹ gbogbo èyí tó kù, ó tún jẹ gbèsè.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ní ká kàn dín bẹ́líìtì kù, kó tẹ́ sí i. Mo rántí digírì 30. Onílé ní ká fi ọwọ́ wọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Mo ní rárá. A sọ ọ́ kalẹ̀ padà sílẹ̀, mítà 12, kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́, ojú sì ń tì mí.

Ọjọ́ kejì, mo gbé e lọ bá Wẹ́dà Ìjọ̀kà. Ó ṣe ọ̀pá irin kan, gígùn rẹ̀ tó mítà 1.3, ojú ìkọ́ kan ní àárín lókè, ojú kan ní orí kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀. Bẹ́líìtì wá gùn tààrà láti ìdí ẹ̀rọ dé orí ọ̀pá, kò fún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ pọ̀, kò sì jẹ àyè. Ìgbà kejì, ìdí ẹ̀rọ kọjá ojú dẹ́kìn dáadáa. A ti igi àfàrà 4×4 méjì dábùú ihò náà lábẹ́ rẹ̀, a sọ ọ́ kalẹ̀ lé e lórí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, páìpù mẹ́ta tún wọlé, a yí i jáde. Èkejì ò gbà wá ju ìdajì ọjọ́ lọ.

Wọ́n wà lórí dẹ́kìn báyìí, níbi tí bíìmù wà lábẹ́, rọ́bà sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní ká fún un níná fún wákàtí 6 kó tó ṣiṣẹ́, kí ọ́ìlì lè móoru. Ọ̀la la máa tàn án.

Agbégilódò Oǹdó

O káre láé. Ṣéènì mi ńkọ́?

Ọmọ Amúlétutù

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, bàbá. Ẹmu ti wà nílẹ̀.

Bíríkìlà Òkè-Àró

Ìbéèrè kan. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́ kalẹ̀?

Ọmọ Amúlétutù

A ò yọ I-beam yẹn. Mo kun ún ní ọ̀dà pupa, mo kọ "TỌ́Ọ̀NÙ KAN, MÁ JÙ BẸ́Ẹ̀ LỌ" sára rẹ̀, ọ̀pá irin sì wà nínú yàrá jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ bá wọlé, ẹ bèèrè lọ́wọ́ gáàdì. Ó ń fi sá aṣọ báyìí.